Ìtàn ayé tó ti gbẹ tí mò ń kọ kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé_Òru:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń kọ̀tàn àtàwọn tó ń kàtàn pọ̀ níbí. Mò ń kọ ìwé ìtàn kan, irú ìtàn ọjọ́ iwájú tí gbogbo nǹkan ti dojú rú yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní dystopia. Nínú tèmi, odò ti gbẹ, òjò ò rọ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ta omi fún gbogbo ìlú, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan ni ìtàn dá lé lórí. Mo ti kọ orí mẹ́rìnlá. Mo fún èèyàn mẹ́ta kà, ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ fún mi: "ó dáa, àmọ́ ó dà bí ìròyìn". Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun fo ojú ewé mẹ́fà àkọ́kọ́, ó sì dùn mí gan-an torí ojú ewé mẹ́fà yẹn ni mo fi oṣù méjì ṣèwádìí fún.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ní ọdún 2091, ooru ayé ti lọ sókè kọjá ààlà, àwọn ìjọba ò rí nǹkan kan ṣe sí i, omi sì ti di ohun ọ̀wọ́n." Lẹ́yìn ẹ̀ ni onísáyẹ́ǹsì àgbà kan wá ń ṣàlàyé bí gbogbo ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé.

Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí ẹni tó ń kà á á fi mọ̀ ọ́n lára? Ibo ni kí n fi gbogbo sáyẹ́ǹsì tí mo ti kó jọ sí? Àti pé ṣé dandan ni kó parí sí ire? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju ìtàn lọ, torí ó dá mi lójú pé ibi táyé ń lọ nìyẹn tí a ò bá ṣọ́ra, mi ò fẹ́ kéèyàn kà á tán kó kàn gbé ìwé sílẹ̀ kó lọ sùn.

Ojú_Inú:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ yọ onísáyẹ́ǹsì yẹn kúrò. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, àmọ́ ẹ yọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n bí sínú ọ̀dá ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ "àyíká ti bàjẹ́", lójú tiẹ̀ bí ayé ṣe rí náà nìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni kẹ́ẹ̀gì ilé wọn. Ó mọ bó ṣe ń dún tí omi inú ẹ̀ bá ku ìdajì, ó mọ bó ṣe ń dún tó bá ti fẹ́ kan ìsàlẹ̀, ó lè wà lórí ẹní nínú òkùnkùn kó ti mọ iye tí àbúrò ẹ̀ bù.

Ẹ lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cape Town, ní South Africa, lọ́dún 2018, nígbà tí ọ̀dá mú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lò ju lítà 50 lọ lóòjọ́, wíwẹ̀, sísè, ìfọṣọ, ilé ìgbẹ́, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa ti ẹ̀rọ omi pa, Day Zero ni wọ́n ń pè é, tó bá dé kálukú á lọ tò fún lítà 25 ní nǹkan bí igba ibùdó tí wọ́n ti là kalẹ̀. Ọjọ́ yẹn ò padà dé, wọ́n dín omi tí wọ́n ń lò kù, òjò náà sì rọ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe kí òjò tó rọ̀: inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń dúró sí wẹ̀ kí omi tó ń já lára wọn má bàa ṣòfò, omi ìwẹ̀ yẹn náà ni wọ́n á tún dà sílé ìgbẹ́. Irú ẹ̀ ni kí ẹ kọ. Tí mo bá ka "omi ti di ohun ọ̀wọ́n", kò ṣe mí ní nǹkan kan. Tí mo bá ka ẹni tó dúró ti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìdọ̀tí tí kò lè dà á nù, ọ̀fun mi á gbẹ.

Òǹkàwé_Jẹ́jẹ́:
Mo fara mọ́ ọn. Èmi náà máa ń fo ibi tí òǹkọ̀wé bá ti sọ ara ẹ̀ di tíṣà.

Onímọ̀_Omi:
Iṣẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ni mo ń ṣe, ó ti pé ọdún mọ́kànlá, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun tí kì í jẹ́ kí n gba irú ìtàn yìí gbọ́ ni pé omi kàn máa ń gbẹ ṣáá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹnì kan ló darí ẹ̀ gba ibòmíì, ìdí tó fi ṣe é sì máa ń mọ́gbọ́n dání lójú tiẹ̀.

Ẹ wo òkun Aral, láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan. Adágún kẹrin tó tóbi jù láyé ni nígbà kan. Láti àwọn ọdún 1960 ni ìjọba Soviet ti ń darí odò méjì tó ń ṣàn sínú ẹ̀, Amu Darya àti Syr Darya, lọ sínú oko òwú. Òwú ṣe dáadáa, owó wọlé, adágún wá ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa rèé. Èbúté kan létí adágún yẹn ni Moynaq tẹ́lẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ tó ń di ẹja sínú agolo. Nígbà tí ẹja inú adágún tán, wọn ò tìlẹ̀kùn ilé iṣẹ́ yẹn lójú ẹsẹ̀ o, wọ́n ń kó ẹja láti òkun tó jìnnà réré wá síbẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa rí nǹkan dì. Ẹ fojú inú wò ó, kéèyàn máa jí lọ síbi iṣẹ́ ẹja láràárọ̀, kó máa gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ti jókòó sórí iyanrìn, kó wá débẹ̀ kó máa di ẹja tí kò ti ìtòsí wá rárá. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹja ti tán, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ jáde torí ibẹ̀ ni owó oṣù ti ń wá. Lójú tèmi, ìtàn yín ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí omi tó tán rárá.

Iyọ̀ àti oògùn apakòkòrò tí wọ́n ti ń fọ́n sí oko òwú láti ọjọ́ pípẹ́ ló kù sílẹ̀ adágún tó gbẹ yẹn, atẹ́gùn wá ń gbé e wọ ìlú, àwọn èèyàn ń mí i sínú. Kódà ojú ọjọ́ ibẹ̀ yí padà, ẹ̀ẹ̀rùn gbóná sí i, ìgbà òtútù le sí i, torí omi ńlá yẹn ló ń pẹ̀tù sí méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ń fa òmíì ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí ayé inú ìwé yín dúró dáadáa, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tó bàjẹ́, kí ẹ wá máa bi ara yín pé kí ló tẹ̀ lé e, kí ló tún tẹ̀ lé ìyẹn, títí tó fi máa dé inú ilé ọmọbìnrin yín. Ẹ má kó iná igbó, omíyalé, àjàkálẹ̀ àrùn àti ogun jọ sójú kan. Ọ̀kan tó.

Akọ̀wé_Òru:
Áà, ẹja yẹn! Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n. Mo ní iná igbó ní orí kẹta, mo ní àjàkálẹ̀ àrùn ní orí kẹsàn-án, mo máa lọ yọ méjèèjì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń bàjẹ́, ta wá ni ọ̀tá? Ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi ni mo lò, ìkà gidi ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín tí èèyàn bá ń kú.

Gbẹ́nu_Sọ:
Kó má rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀dá ò lè dá sọ ayé di dystopia, ohun tí àwọn aláṣẹ bá fi ọ̀dá yẹn ṣe ni. Ọwọ́ ta ni ẹ̀rọ omi wà? Ta ló ń kọ orúkọ àwọn tó ń tò? Kí ni wọ́n ń sọ lórí rédíò láàárọ̀? Ẹ dáhùn àwọn yẹn kí ẹ tó kọ nǹkan kan nípa oòrùn.

Lọ́dún 1958, Mao Zedong, olórí Ṣáínà nígbà yẹn, ní kí gbogbo Ṣáínà dìde sí àwọn nǹkan mẹ́rin tó ń yọ ìlú lẹ́nu: eku, eṣinṣin, ẹ̀fọn àti ẹyẹ ológoṣẹ́. Wọ́n ní ológoṣẹ́ ń jẹ ọkà. Tọmọdé tàgbà bá jáde pẹ̀lú ìkòkò, abọ́ àti ìlù, wọ́n ń lù ú gbàgàgbàgà kí ẹyẹ má lè ríbi bà sí, títí á fi rẹ̀ ẹ́ tá á já bọ́ láti òkè. Ẹyẹ kú lọ súà. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá rí i pé ẹyẹ yẹn náà ló ń bá wọn jẹ kòkòrò tó ń ba ọkà jẹ́. Lọ́dún 1960 wọ́n yọ ológoṣẹ́ kúrò nínú àwọn mẹ́rin yẹn, wọ́n fi ìdun rọ́pò ẹ̀. Ìyàn ti mú nígbà yẹn, láti 1959 dé 1961, àìmọye mílíọ̀nù èèyàn ló kú. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ nìkan kọ́ ló fà á o, bí wọ́n ṣe ń gba ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti irọ́ táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pa nípa iye tí oko mú jáde ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ wà lára ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀? Ọmọ iléèwé tó ń lu abọ́. Tinútinú ló fi ń lù ú, inú ẹ̀ ń dùn, ó rò pé òun ń gba ìlú òun là. Ọ̀tá tí ẹ nílò rèé, ẹni tó dá lójú pé òun ń ṣe rere.

Òmíì tún wà. Ní London, oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú àti kùrukùru bo ìlú mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Nǹkan bí 4,000 èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ní ó kú, àwọn tó tún un ṣírò lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ní á tó 12,000. Èèyàn ṣì ń kú lọ ní oṣù méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àwọn aláṣẹ ní àrùn gágá ni. Ẹ fún ọ̀gá omi yín nírú ẹnu yẹn. Kó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, kó mú bébà lọ́wọ́, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún àwọn tí òkú sùn nílé wọn pé àrùn gágá ni.

Onímọ̀_Omi:
Ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Kí ẹ tún rántí pé ọ̀gá yẹn náà ń mu omi. Ibi tí paìpù tiẹ̀ ti yà kúrò lára paìpù ará ìlú, ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ àti ohun tí wọ́n fún un kó má sọ̀rọ̀, odidi orí kan nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ara. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀wé máa ń kọ "ooru mú" ẹ ó sì kọjá lọ. Ooru tó ń pa èèyàn kì í ṣe ti bó ṣe gbóná tó nìkan, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Òógùn lara fi ń tutù, òógùn yẹn sì gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó lè tu ara. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún ọ̀rinrin, òógùn á kàn máa ṣàn ni, kò ní gbẹ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n á fi aṣọ tútù wé ìdí tẹmómítà, tí ìyẹn bá fi lè dé 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹni tára ẹ̀ le koko, tó jókòó sábẹ́ ibòji, tó ń mu omi, kò lè lò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lọ nínú ẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá tiẹ̀ fi hàn pé ara ti ń kùnà kó tó dé iye yẹn.

Ẹ wá kọ ọ́ báyìí: aṣọ tí wọ́n sá láàárọ̀ ṣì tutù nírọ̀lẹ́. Fáànù ń ṣiṣẹ́, ooru ló ń fẹ́ síni lójú. Màmá àgbà ní òùngbẹ ò gbẹ òun, òótọ́ ló ń sọ, torí òùngbẹ kì í tètè gbẹ arúgbó bíi ti ọ̀dọ́, ohun tó sì ń pa wọ́n nìyẹn. Ẹni tí ooru ti wọ̀ lára kì í mọ̀, á máa sọ̀sọkúsọ, á máa bínú sí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Mo ti di irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú rí lóru ọjọ́ kan. Ó gbóná, ó sì gbẹ bíi bébà, òógùn kankan ò sí lára ẹ̀ mọ́, ẹni náà wá ń bi mí léraléra pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́.

Akọ̀wé_Òru:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè lo ọwọ́ tó gbẹ bíi bébà yẹn?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ lò ó. Ẹ kàn má jẹ́ kó kú lójú ewé kan náà. Ó máa ń pẹ́ jùyẹn lọ.

Ọmọ_Ìwé:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, irú ìwé yìí ni mo sì ń kà jù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ọmọbìnrin yẹn gba gbogbo ayé là. Ó ti sú wa. Àwọn àgbà ló bà á jẹ́ nínú gbogbo ìwé yẹn, ọmọ kékeré kan ni wọ́n á wá ní kó tún un ṣe, tó bá sì ti tún un ṣe tán wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi fẹ́ ka ìwé tí ọmọ máa ti bi màmá ẹ̀ pé "kí lẹ̀ ń ṣe nígbà tí omi ṣì wà?" kí màmá yẹn sì dáhùn lóòótọ́.

Ojú_Inú:
Ọmọ_Ìwé, o ṣé gan-an. Akọ̀wé_Òru, ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí ìwé yín dá lé. Ohun tí màmá máa fi dáhùn sì le o, torí kò ṣe nǹkan burúkú kankan, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń gbọ́ ìròyìn.

Elédè:
Mo ti ń dúró kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni ò wá sọ ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Yorùbá lẹ fi ń kọ ọ́, ẹ lo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìdajì òwe wa, inú igbó, inú odò àti ojú ọ̀run la ti mú un. Tí odò bá gbẹ tí ẹyẹ sì tán, òwe ò ní bá wọn lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu á ṣì máa pa á. Kí màmá máa bá ọmọ wí pé "bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ̀kò ẹ̀", kí ọmọ wá bi í pé "báwo ni ẹyẹ ṣe máa ń fò?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, kò rí i rí ni. Tàbí "omi lèèyàn, tó bá ṣàn wá á tún ṣàn padà", ọmọ tó jẹ́ pé inú kẹ́ẹ̀gì nìkan ló mọ omi sí, tí kò rí omi tó ń ṣàn fúnra ẹ̀ rí, kí lẹ rò pé ó máa gbọ́ nínú ẹ̀? Á kàn dà bí ọfọ̀ létí ẹ̀. Ìkíni ńkọ́? Ta lẹ máa kí ní "ẹ kú òjò"? Bàbá àgbàlagbà kan lè wà ládùúgbò yẹn tó jẹ́ pé "ẹ kú òjò" ló fi ń kí gbogbo èèyàn lójoojúmọ́, káwọn ọmọdé máa sá fún un, kí wọ́n rò pé orí ẹ̀ ti dàrú, kó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ṣì ń retí ẹ̀.

Ẹ béèrè ibi tí sáyẹ́ǹsì máa wà. Nígbà tí Rachel Carson kọ Silent Spring lọ́dún 1962, ìwé sáyẹ́ǹsì ni látòkè délẹ̀, lórí oògùn apakòkòrò, àmọ́ àlọ́ ló fi ṣí i. Ìlú kan tí ẹyẹ ò ké mọ́. Ojú ewé díẹ̀ péré ni, òun lèèyàn á kọ́kọ́ bá pàdé kó tó dé ibi tí ìwádìí wà, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n fòfin de DDT, ọ̀kan lára oògùn apakòkòrò yẹn, ní Amẹ́ríkà, ìwé yẹn sì wà lára ohun tó fà á. Tẹni tó ń kọ sáyẹ́ǹsì bá lè fi àlọ́ síwájú, kí ló dé tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ àlọ́ á wá fi sáyẹ́ǹsì síwájú?

Kí ẹ sì jẹ́ kó kéré. Ẹyẹ kan wà ní Amẹ́ríkà nígbà kan tí wọ́n ń pè ní passenger pigeon, àdàbà ni, ó pọ̀ débi pé tí agbo ẹ̀ bá ń kọjá lójú ọ̀run ó máa ń dí oòrùn. Wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n ń kó o lọ tà lọ́jà, wọ́n gé igbó tó ń gbé. Èyí tó kù gbẹ̀yìn, Martha lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, inú ọgbà ẹranko ní Cincinnati ló kú sí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1914. Tí ẹ bá sọ fún mi pé ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyẹ ló kú, mi ò lè rí i lójú. Ẹ sọ fún mi pé ẹyẹ kan ṣoṣo ló kù nínú àgò, ó ní orúkọ, ẹnì kan ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀, ọjọ́ kan ó débẹ̀, ó bá a nílẹ̀.

Òǹkàwé_Jẹ́jẹ́:
Bàbá "ẹ kú òjò" yẹn ti mú omi wá sójú mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sínú ìwé yẹn.

Aláròjinlẹ̀:
Mo pẹ́ dé. Mo fẹ́ fi kún ohun tí Ojú_Inú sọ nípa ìṣe ojoojúmọ́. Ní àwọn ọdún 1930, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, wọ́n ti ro gbogbo pápá, wọ́n ti hú koríko tó di ilẹ̀ mú, ọ̀dá wá dé, erùpẹ̀ dìde. Ọjọ́ kan wà, 14 oṣù Kẹrin 1935, tí eruku sọ ọ̀sán di òru. Àmọ́ ohun tí mi ò lè gbàgbé nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ń tẹ́ tábìlì, wọ́n á da ojú àwo délẹ̀, ó di ìgbà tí oúnjẹ bá délẹ̀ tán kí wọ́n tó yí i padà, torí eruku. Wọ́n á rẹ aṣọ sómi, wọ́n á fi kọ́ ojú fèrèsé. Ẹ wo bó ṣe rí, àwo tó dorí kodò. Tí ẹ bá rí irú nǹkan kan bẹ́ẹ̀ fún ìlú yín, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé nǹkan kan. Ọmọ yẹn lè dàgbà, kó kúrò níbẹ̀, kó lọ síbi tí kò sí eruku, kó ṣì máa da ojú àwo délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2091 yẹn náà, ẹ yọ ọ́. Ó jìnnà jù, ẹni tó ń kà á mọ̀ pé òun ò ní sí láyé nígbà yẹn. Octavia Butler, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìtàn dystopia kan jáde, Parable of the Sower, lọ́dún 1993, ìtàn yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ló wà láàárín. Ẹni tó rà á nígbà yẹn mọ̀ pé òun lè fojú ara òun rí i. Tí ẹ ò bá sì fẹ́ fi ọdún kankan sí i, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ kà á, "ọdún kẹta tí wọ́n ti paìpù", bí àwọn tó wà níbẹ̀ á ṣe máa pè é gan-an nìyẹn.

Gbẹ́nu_Sọ:
Ẹnì kankan ò tíì dáhùn ti ìparí. Èmi ò fara mọ́ kó parí sí ire. Tí òjò bá rọ̀ lójú ewé tó kẹ́yìn, ẹ ti tú gbogbo ohun tí ẹ kọ ká nìyẹn. Ẹni tó kà á á mí kanlẹ̀, á ní ó yanjú.

Onímọ̀_Omi:
Mo gbọ́, àmọ́ mi ò ní gbà pé irọ́ ni ìrètí, torí mo ti rí ibi tí nǹkan ti padà. Òkun Aral tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún 2005 Kazakhstan parí ìsédò kan tí wọ́n ń pè ní Kok-Aral sí apá àríwá ẹ̀, omi ga sókè, iyọ̀ inú ẹ̀ dín kù, ẹja padà, àwọn apẹja náà padà. Apá gúúsù ò padà. Ààbò ozone tó wà lókè sánmà, tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn tó léwu dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́, ọdún 1987 ni wọ́n ṣe àdéhùn ẹ̀ ní Montreal, gbogbo orílẹ̀-èdè ló padà fọwọ́ sí i, wọ́n jáwọ́ nínú àwọn kẹ́míkà fíríìjì tó ń jẹ ẹ́, ó sì ti ń padà bọ̀ sípò, àmọ́ ó máa gba ọ̀pọ̀ ọdún sí i kó tó rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ kó parí nìyẹn. Kí apá kan padà, kí apá kan má padà, kí àwọn tó wà lápá kejì máa wo ẹja tó ń wọlé sọ́dọ̀ àwọn tọ̀hún. Ohun tí mi ò ní lè fara mọ́ ni kí ẹ̀rọ kan kàn fa gbogbo èéfín kúrò lójú ewé méjì. Kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun èédú àti epo bẹ́ẹ̀, tí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 nínú ẹ̀ ni carbon dioxide, èyí tó ń mú ayé gbóná, ó ti lé ní 420 báyìí, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ á sì wà lókè níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ọmọ ọmọ ọmọbìnrin yín á ṣì máa mí èyí tí àwa tú síta lónìí.

Gbẹ́nu_Sọ:
Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Àwọn tó wà ní gúúsù yẹn ni kí ó kẹ́yìn.

Akọ̀wé_Òru:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò sọ̀rọ̀, mò ń tún un kọ ni. Ojú ewé mẹ́fà yẹn ti lọ, onísáyẹ́ǹsì náà ti lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó:

"Ìdérí ìgò ni Màmá fi ń wọn omi. Mẹ́rin fún èmi, mẹ́rin fún àbúrò mi. Ó ní òun ti mu tòun kí a tó jí. Mo mọ̀ pé kò mu. Mo gbọ́ gbogbo bí kẹ́ẹ̀gì ṣe dún lóru, ọwọ́ ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà tó bù ú tán, ó na ìdérí sí àbúrò mi kó lá inú ẹ̀. Lórí rédíò wọ́n ní àrùn gágá ló ń pa àwọn ará òpópónà kejì. Bàbá ilé kejì yọjú lójú fèrèsé, ó ní 'ẹ kú òjò o'. Màmá ní 'òo, ẹ kú òjò sà', bó ṣe máa ń dá a lóhùn lójoojúmọ́, ó wá ti ìdérí bọ àpò."

Òǹkàwé_Jẹ́jẹ́:
Mi ò fo nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ó wọ̀ mí lára. Àtúnṣe kan: ìdérí ìgò kéré jù, ìdérí mẹ́rin ò ju ẹnu kan lọ, ọmọ tó ń mu ìyẹn ò ní lè dìde lọ́jọ́ kẹta. Ẹ lo ife kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ìyẹn náà ò tó, àmọ́ ó lè mú wọn dé orí kẹwàá. Ti màmá yẹn tí kò mu rárá, ẹ pinnu ọjọ́ tó máa ṣubú láti ìsinsìnyí.

Elédè:
Ẹ má sì ṣàlàyé "ẹ kú òjò" yẹn níbì kankan nínú ìwé yẹn o.

Akọ̀wé_Òru:
Mi ò ní ṣàlàyé ẹ̀. Mo ti yí ìdérí sí ife. Orí kẹrin ni màmá máa ṣubú, ọmọ yẹn sì ti gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè Ọmọ_Ìwé kó tó dìgbà yẹn, orí kejì nìyẹn, ibẹ̀ ni mo wà báyìí.